Orúkọ Ọ̀gá ní Ìsàlẹ̀ Tẹlifíṣọ̀n

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n o. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. N kò di kámẹ́rà mú rí, n kò jókòó sí yàrá ìpàdé àwọn ọ̀gá ní New York rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fi kọ́ọ̀pù alámì iléeṣẹ́ wọn ta mí lọ́rẹ. Ohun tí mo mọ̀ ò ju ohun tí gbogbo Erie, ìlú wa létí adágún ńlá, mọ̀ lọ, ìyẹn ni pé mo mọ gbogbo rẹ̀.

Ìtàn Ìkànnì Kẹsàn-án, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú wa, ò le. Láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orville Trask, tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ní State Street. Ó lọ kó tẹlifíṣọ̀n rẹpẹtẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó rà á, nítorí kò sí nǹkan kan láti wò nínú rẹ̀. Ni Trask bá kọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kí ọjà rẹ̀ lè tà. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn Merrivale, ẹgbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ní New York, rà á lọ́wọ́ ọmọ Trask. Wọ́n ra òmíràn ní Arizona, wọ́n ra òmíràn ní Georgia, títí iléeṣẹ́ ìlú tó wà lábẹ́ wọn fi pé mẹ́rìnlá.

Láti ìgbà náà, ọ̀gá yòówù tó bá gorí àga, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé á yí orúkọ ìdìpọ̀ mẹ́rìnlá náà padà. Ẹni kìíní pè é ní Ẹ̀ka Àwọn Iléeṣẹ́ Wa. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní orúkọ yẹn gbẹ jù, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Iléeṣẹ́ Ìbílẹ̀. Òmíràn dé, ó ní ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ti di àtijọ́, ó sọ ọ́ di Àwọn Aládùúgbò Merrivale. Bí orúkọ bá ti yí, wọ́n á sọ pátákó ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn kọ́, wọ́n á sì pín kọ́ọ̀pù tuntun. Kọ́ọ̀pù tó wà ní Ìkànnì Kẹsàn-án pọ̀ ju ẹnu tó ń mu kọfí níbẹ̀ lọ. Àwa ará ìlú ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń yí nǹkan kan padà. Ìkànnì Kẹsàn-án là ń pè é.

Ìgbà náà ni Royce Ellingham Thayer wá di ọ̀gá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Thayer. Ẹnì kan pè é bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé onítọ̀hún lọ sí aṣálẹ̀ Arizona pé kó lọ máa ka iye ọkọ̀ tó ń kọjá. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ gbọ́dọ̀ pè, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ láàárín wọn, bí ẹni tó ń gun òkè. Ó ní ọkùnrin kan tó máa ń tẹ̀ lé e kiri, Kip Lassiter. Wọ́n ní igbákejì ọ̀gá ni Kip, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Kip gan-an ni àtẹ́wọ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó pa á kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó mọ ìgbà tó yẹ kó pa á bí ọ̀rọ̀ bá jáde tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí Royce kọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sọ lọ báyìí:

"Ẹ̀yin ìdílé mi! Ìlú ni mo ń rò bí mo bá jí. Ìlú ni mo ń rò bí mo bá sùn. Ta ló mọ ìlú tó mi? Mo ti fi ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí gbogbo wọn!"

Kip pàtẹ́wọ́.

"Láti òní lọ, orúkọ wa ni Ìdílé Ohùn Ìlú. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìlú sì ti ṣe pàtàkì bákan náà, ó tọ́ ká máa ti ojú kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nípa gbogbo wọn, kí ìkankan má baà jowú ìkejì. Ojú kan náà ni New York!"

Kip pàtẹ́wọ́ débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ já bọ́.

Bí wọ́n ṣe fi ọkùnrin kan sínú yàrá kan ní New York nìyẹn, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún ìlú mẹ́rìnlá. Bó bá kan Arizona, á bọ́ kóòtù. Bó bá kan Erie, á wọ̀ ọ́ padà. Wọ́n ní ìyẹn ni ìmọ̀ àdúgbò.

Ó kù kí Royce kó yàrá ìròyìn Erie lọ sí New York tán pátápátá. Ó fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún ìlú mẹ́tàlá yòókù, nítorí Erie ni iléeṣẹ́ tó dàgbà jù. Ó sì ti gbọ́ finrínfinrín pé àwọn ìgbìmọ̀ Merrivale ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe alága gbogbogbò. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n ṣe fíìmù kan nípa ìtàn ìdìpọ̀ iléeṣẹ́ wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní. Àkọlé rẹ̀ ni Ojú Tó Ríran Jìnnà. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ń wí yìí, ọjọ́ tí wọ́n bí Royce ni. Wọ́n wá ọmọdé kan tó lẹ́wà jù ú lọ láti dúró fún un, wọ́n ní kó dúró sí etíkun kó máa wo ọ̀kánkán. Orville Trask náà wà nínú fíìmù o. Ó gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá.

Ní oṣù kejì ọdún, nínú òtútù tí kì í ṣe kékeré, Royce àti Kip wọ Erie. Lorna Kaczmarek, alákòóso Ìkànnì Kẹsàn-án, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti pàdé wọn. Ọmọ Erie pọ́ńbélé ni Lorna. Inú yàrá ìròyìn yẹn ló dàgbà sí. Ẹni tó dúró tì í ni Dolores Iacobucci, tó ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún wa kí Lorna tó mọ ìwé kà, tí tàgbà tèwe ń pè ní Àǹtí Dolly.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀," ni Lorna wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi búrẹ́dì pẹpẹrónì wa, búrẹ́dì roboto tí a ki ẹran elátà sínú rẹ̀, ṣe yín lálejò."

"N kì í jẹ nǹkan tó bá rí roboto," ni Royce dáhùn.

Kip rọra dá èyí tó ti mú padà sínú àwo.

"Lorna, wọ́n ní ò ń ṣàròyé pé mo fẹ́ gbé yàrá ìròyìn yín lọ."

"Ọ̀gá, ẹni tó jókòó sí New York ò lè mọ̀ bí Peach Street bá ti dí."

"Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Royce yí padà sí gbogbo wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbé òkè. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò! Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fíìmù ìtàn wa máa jáde ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà. Fún wákàtí kan ààbọ̀, Erie ò ní gbúròó yín. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pariwo, á jẹ́ pé ìlú ò nílò yín nìyẹn. Bí fíìmù bá ti parí, inú yàrá yìí gan-an ni màá ti kéde pé a ti gbé ìròyìn yín lọ sí New York. Ìgbéga ni màá pè é."

"Bí wọ́n bá wá pariwo ńkọ́?" Àǹtí Dolly bi í.

"Wọn ò ní pariwo, ìyá. Orúkọ mi máa wà níwájú wọn."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n adágún ò dì lọ́dún yìí o. Omi ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí atẹ́gùn bá gba orí omi yẹn bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yìnyín tó máa dà lé wa lórí, ẹ ò rírú ẹ̀ rí."

Royce rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú ọmọdé. "Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ Erie, ìyá. Ó ti wà lábẹ́ ọ́fíìsì mi."

Kip pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣeun," ni Àǹtí Dolly wí. "Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó rọra ṣe wá."

Royce ní kí Kip ka òfin ọjọ́ náà sí wọn létí: láàárín fíìmù yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lù ú, ohunkóhun ò gbọdọ̀ hàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ àfi orúkọ Royce Ellingham Thayer, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó sì jẹ́ Royce Ellingham Thayer fúnra rẹ̀ ló pè tó ń bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má dá a lóhùn. Nígbà tí Kip dé ibi "fúnra rẹ̀" yẹn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, Royce ní kí wọ́n yọ bọ́tìnnì pupa tí Erie fi ń já lu ètò New York kúrò lórí tábìlì iṣẹ́. Kip gbé e sínú àpótí gíláàsì, Royce sì mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí.

Ó yẹ kẹ́nì kan ti sọ nǹkan kan fún Royce kó tó lọ. Àwa níbí, ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n la máa ń wò. Láti kékeré ni. Bí yìnyín bá ti ń bọ́, gbogbo ilé á dákẹ́, ojú á sì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn ibi tí wọ́n tì ti ń sáré kọjá: iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́fíìsì dókítà eyín, ilé ijó. Ọmọ Erie lè má mọ̀ bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin ló ń ka ìròyìn lókè, ṣùgbọ́n bí orúkọ kan bá kọjá nísàlẹ̀, ó mọ̀ pé ibẹ̀ ti tì, pé ibi tí orúkọ rẹ̀ ò bá jáde ṣì wà ní ṣíṣí. Àwa ò kọ́ ọ níbì kan. Bí wọ́n ṣe bí wa la bá a.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà, ìgbà tí a kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ìlú sì ti múra àtilọ jẹ ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn. Ọkùnrin New York wọ kóòtù, ó ní yìnyín lè ta ṣẹ́ṣẹ́ sí Erie. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ààbọ̀, atẹ́gùn ti gba orí adágún wọlé, yìnyín sì ń bọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń da òwú inú irọ̀rí nù lókè. Royce wọ bàtà dúdú tó ń dán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé, òun àti Kip wọ mọ́tò dúdú gígùn kan, ó gbé àpótí gíláàsì lé itan, ó ní kí awakọ̀ máa gbé òun lọ sí Ìkànnì Kẹsàn-án. Mọ́tò náà gun òkè State Street dé ìdajì. Ó wá ronú. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó yí ìdí síta, ó kó sínú òkìtì yìnyín, ó dákẹ́.

Aago mẹ́fà lù. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó lẹ́wà dúró sí etíkun. Jákèjádò Erie, ojú gbogbo ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì kà á níbẹ̀ gàdàgbà: ROYCE ELLINGHAM THAYER.

Fóònù Ìkànnì Kẹsàn-án kò sinmi mọ́.

"Hẹ́lò, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni Royce Ellingham Thayer wà?"

"Bàbá, kì í ṣe—"

"Ṣé tàwọn Kátólíìkì ni àbí tìjọba? Ọmọ ọmọ mi ń bẹ ní ìkan, mi ò rántí orúkọ ẹ̀."

Lorna fi èyí sílẹ̀, ó gbé òmíràn. Ohùn Royce ló gbọ́.

"Lorna! Mo wà ní State Street! Mọ́tò ti kú! Já lu fíìmù náà kíá, kí o sọ ibi tí mo wà, kí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín wá gbé mi!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Òfin ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ pè, ká má dá yín lóhùn."

"Èmi ni mo ṣòfin yẹn!"

"Ẹ ò wá rí i pé ó le, ọ̀gá. Bọ́tìnnì gan-an, ọwọ́ yín ló wà."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Royce ṣí àpótí gíláàsì náà, ó sì tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún. Ó tún un tẹ̀. Kip ní kí òun náà bá a tẹ̀ ẹ́, bóyá ọwọ́ òun rọ̀. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, Royce pe New York. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n rò pé ó ń dán wọn wò ni. "Ọ̀gá, a ò ní já a láé!" ni wọ́n pariwo, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un lórí fóònù títí ó fi pa á.

Ní Ìkànnì Kẹsàn-án, obìnrin kan pè wọlé. Lorna gbọ́ igbe ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kéde o. Ṣé Royce Ellingham Thayer nìkan ni wọ́n tì?"

"Ìyáàfin, ẹ gbọ́ ná—"

"Á jẹ́ pé ẹja ṣì wà nígbọ̀ngàn. A ti ń wọ mọ́tò nìyí. Ẹ ṣé o!"

Fóònù kú lọ́wọ́ Lorna. Ó wo ojú fèrèsé. Kò rí òpópónà mọ́, iná mọ́tò nìkan ló ń rí, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, wọ́n ń gun òkè bọ̀ lójúnà ẹja. Gbogbo ìlú ti rò pé ibi gbogbo ṣí.

"Àǹtí Dolly, bí mo bá já lu fíìmù yìí, wọ́n á ti yàrá yìí pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mi ò bá sì já a..."

"Lorna, ọmọ mi, bí o ò bá já a, kí la tún fẹ́ fi yàrá ṣe?"

Lorna ké sí Ambrose, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ. "Ambrose, yọ wáyà New York!"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ọ̀gá wà lórí ẹ̀."

Royce kékeré ṣì ń wo ọ̀kánkán létíkun nígbà tó pòórá. Àǹtí Dolly yọ sí gbogbo Erie, ó wọ súwẹ́tà ilé, ó fi ọwọ́ kan nu ẹnu.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Erie. Ẹ bọ́ bàtà yín. Mo ní ẹ bọ́ ọ! Kò sí ẹja tó dùn tó báyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú títì, ẹ yà sí ibi tó bá sún mọ́ yín, ẹ má gun òkè State Street. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín, kó bá wa pè é: mọ́tò dúdú gígùn kan wà ní ìdajì òkè, ọ̀gá kan ń bẹ nínú ẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e."

Ní ìsàlẹ̀, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo iléèwé. Gbogbo gbọ̀ngàn. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ilé ijó. Lorna ń wò ó títí ó fi dé ibì kan, ó pariwo.

"Ambrose! Ta ló ní kí o kọ ìyẹn?"

"Wọ́n ṣáà ń pè pé àwọn fẹ́ mọ̀."

Ohun tí Ambrose kọ ni: ROYCE ELLINGHAM THAYER: Ó TI TÌ.

Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó yìnyín gbọ́, ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ gbé ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ gba òkè sọ̀ kalẹ̀, ó yọ Royce, Kip, awakọ̀ àti àpótí gíláàsì, ó sì já wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn Slovak, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti Yúróòpù wá, èyí tó sún mọ́ wọn jù. Àwọn tó ti jáde kí Àǹtí Dolly tó sọ̀rọ̀ ti há síbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹja, ojú wọn wà ní ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Royce dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín kún bàtà rẹ̀, ó gbé àyà sókè.

"Èmi ni Royce Ellingham Thayer!"

Gbogbo ojú ṣí kúrò ní tẹlifíṣọ̀n. Màmá Hudak, tó ń din ẹja, jáde láti ìdí epo pẹ̀lú ṣíbí oníhò lọ́wọ́.

"Ìwọ ni?" Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Iléèwé la pè ọ́, ọmọ mi. Àánú àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń ṣe wá."

"Ìyá, èmi ni ọ̀gá gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀ ń wò yìí!"

"Ó dáa, ó dáa. Jókòó kó o jẹun. Wọ́n ní o ti tì, ṣé o ti jẹun kí wọ́n tó tì ọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n yá a ní ibọ̀sẹ̀ gbígbẹ, wọ́n gbé ẹja àti kábéèjì gígé síwájú rẹ̀. Kip rí búrẹ́dì pẹpẹrónì márùn-ún tí wọ́n fi pamọ́ di ọ̀la, ó kọjú sí ògiri jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Royce wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Àwọn ìgbìmọ̀ Merrivale ni, tí wọ́n pé jọ sí New York láti fi í jẹ alága. Wọ́n ti rí i pé ní ìlú mẹ́tàlá, àwọn tó ń wo Ojú Tó Ríran Jìnnà ti pa tẹlifíṣọ̀n lọ sùn. Ní Erie nìkan ni iye òǹwòran ń gòkè, láti ìgbà tí obìnrin kan nínú súwẹ́tà ti gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sì ti rí ohun tí Ambrose kọ, ó sì jọ wọ́n lójú pé ìkéde tó péye ni.

Ìwé tí wọ́n fi síta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sọ pé Royce Ellingham Thayer ti fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ó fẹ́ ráyè sí i fún ìdílé rẹ̀. Kip ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn kí tàdáwà ìwé náà tó gbẹ. Yàrá ìròyìn Erie kò lọ síbì kan. Wọ́n fi bọ́tìnnì pupa padà sáyè rẹ̀, Lorna sì ń lo àpótí gíláàsì fún súgà.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ọ̀gá tuntun dé láti New York: Marguerite Oyler, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó yí orúkọ ìdìpọ̀ náà padà sí Gbòǹgbò Merrivale, ó pín kọ́ọ̀pù. Ó jẹ búrẹ́dì pẹpẹrónì méjì, ó ní ó dùn, gbogbo yàrá sì mí kanlẹ̀. Ó gbá Àǹtí Dolly mọ́ra. Ó wá dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, ó wò ó pẹ́. Ojú ọjọ́ dáa lọ́jọ́ náà, kò sí ibì kan tí wọ́n tì, kò sí orúkọ kankan tó ń kọjá. Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó yíjú padà sí Lorna, ó rẹ́rìn-ín.

"Àyè tó ṣófo níbí yìí," ló wí, "ṣé ẹnì kankan ń lò ó ni?"